Akéde Ìlú Ọ̀jọ́ àti Fóònù Ọmọ-ọmọ Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo máa ń jókòó ti ìyá mi nídìí ààrò ẹja nílùú Ọ̀jọ́, ẹnu akéde la ti ń gbọ́ ohun tí ìlú bá wí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n: ọkùnrin tó máa ń lu agogo káàkiri àdúgbò ni, tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí ààfin bá rán an. Bó bá kéde tán, àwọn ìyá wa á bi í léèrè ọ̀rọ̀, òun náà á sì gbé ìbéèrè wọn padà sí ààfin. Èsì kì í tètè dé. Ìgbà kan wà tí àwọn ìyá wa béèrè ìdí tí ààfin fi fẹ́ dí ọ̀nà odò. Kí èsì tó dé, wọ́n ti fi ọgbà yí ibẹ̀ ká. Inú bí ìyá mi gan-an. Síbẹ̀, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ akéde korò tó, èèwọ̀ ni kéèyàn fọwọ́ kàn án, torí ààfin ló rán an.

Lónìí, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń ṣe irú iṣẹ́ náà. Oníròyìn ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a gbọ́ pé káńsù fẹ́ ta ilẹ̀ ilé ìwòsàn àdúgbò wa. Ó wọ ìpàdé wọn, ó gbé fóònù sókè, ó ń fi ìpàdé náà hàn ní tààràtà lórí ayélujára, làwọn ará Ìbà, Àjàngbádì àti Òkókómáíkò bá ń wò ó láti ilé. Ìbéèrè wọn ń rọ́ wọlé, ó ń kà á sókè fún alága, alága ń fèsì lójú ẹsẹ̀, òógùn bò ó. Kí ìpàdé tó tú, wọ́n ní àwọn ò tà á mọ́. Èmi tí orúnkún ń dùn, mo jó ní pálọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin méjì tí n kò mọ̀ rí kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ bá wa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ o. Fóònù yẹn ti ń pọ̀ jù."

Mo sọ fún ọmọ-ọmọ mi. Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ má wọ́rì. Àwọn èèyàn ló rán mi, wọ́n wà lẹ́yìn mi." Ó gbé báàgì, ó kọrí sí Ìyànà-Ìbà. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin ọmọ. Bí ọ̀kadà bá dúró níwájú ilé báyìí, màá yọjú wò ó lójú fèrèsé.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ayé ti yí padà lóòótọ́, èsì sì ti ń yá ju tìgbà wa lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó rán akéde wa. Ẹ̀yin tí ẹ rán ọmọ mi, inú fóònù lẹ wà. Bí àwọn ọkùnrin yẹn bá padà wá, ta nínú yín ni yóò jáde síta?