Afẹ́fẹ́ Òkè Tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ Pò Pọ̀

Ẹni tó bá ń wá obìnrin tí inú rẹ̀ jìn ju kànga lọ, kó má lọ jìnnà, kó yà sọ́dọ̀ Ìyá Olójú-Òkè. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Látìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ìdí bálúùnù funfun, tó ń jù ú sókè, tó ń tọpa rẹ̀ títí yóò fi kọjá ibùgbé ìkùukùu. Ibi tí bálúùnù bá yà sí ni wọ́n fi ń mọ ìrìn afẹ́fẹ́ òkè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo erékùṣù kéékèèké tó fọ́n ká sínú òkun tó tóbi jù láyé. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní àga nínú ọ́fíìsì, kó máa wo ti gbogbo wọn pọ̀.

Ibẹ̀ ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́, òṣìṣẹ́ tuntun kan, bá a. Ìyá ló kọ́ ọ níṣẹ́, ló ń bù fún un nínú oúnjẹ ọ̀sán. Àfi bí ẹni pọn ọmọ tí ọmọ ń bù ú jẹ lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí ipò igbákejì ọ̀gá ṣí sílẹ̀, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ yọ́ sọ fún ọ̀gá pé ojú Ìyá ti ń ṣe bàìbàì, pé ẹyẹ ló ń rí tó ń pè ní bálúùnù. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gba ipò, ọ̀rọ̀ tó yọ́ sọ náà sì ta sí Ìyá létí. Ìyá kí i kú oríire, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò kọjá eyín.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ń fún aṣọ, ọrùn Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń fún.

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá wọn, aṣọ yẹn ò lómi nínú mọ́ o!"

"Bàbá wọn, ẹ má dá sí i."

Kò pẹ́, àwọn awakọ̀ òfuurufú ní kí wọ́n bá àwọn wo bí afẹ́fẹ́ òkè àwọn erékùṣù náà ṣe ń rìn láti ìgbà dé ìgbà. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n gbé e fún. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó da ti òjò pọ̀ mọ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn, ó pín in dọ́gba. Bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń ti ìwọ̀ oòrùn rọ́ bọ̀ bí ẹṣin tó já okùn. Bí òjò bá dé, á yí padà, á máa ti ìlà oòrùn bọ̀. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀, ọ̀kan á pa èkejì, á ku òfo.

Ó gbé e wá bá Ìyá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fojú kàn án. Ó jọ pé òkè pa rọ́rọ́ látọdún dé ọdún."

Ìyá rí àṣìṣe náà lójú ẹsẹ̀. Kó sáà ti sọ pé, "Yà wọ́n sọ́tọ̀," ó parí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbúrò mi. Iṣẹ́ ẹ ń dán bíi dígí."

Lọ́jọ́ ìpàdé, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dìde, ó ní afẹ́fẹ́ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lókè rárá. Olórí àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni.

"Ṣé afẹ́fẹ́ tí ò sí yẹn ló gbọ̀n wá jìgìjìgì lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, tí oúnjẹ èrò ń fò kiri bí ẹyẹ?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Oyin ò dùn tó ẹ̀rín náà létí Ìyá.

Ọ̀gá fajú ro. "Ta ló bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Ẹ̀gbọ́n ni, sà. Wọ́n ní ó dáa."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá. Eérú tó dà ti ń padà bọ̀ wá bá a. Bó bá ní òun ò rí àṣìṣe, a jẹ́ pé òótọ́ ni ohun tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ nípa ojú rẹ̀. Bó bá ní òun rí i, àga ọ́fíìsì lọ nìyẹn.

Ó dìde, ó nà ró ṣánṣán.

"Ojú mi ò fọ́, Ọ̀gá. Mo rí i kedere. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni, kó lè tẹ́."

Ọ̀gá gba ipò lọ́wọ́ ọ̀kan, ó gba àga lọ́wọ́ èkejì, ó ní kí wọ́n jọ lọ máa rọ gáàsì sí bálúùnù nínú oòrùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, Ìyá di bálúùnù mú, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dúró ti gáàsì, ó ń fa ikun símú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ba tiyín náà jẹ́. Ṣé ó ti tẹ́ yín lọ́rùn báyìí?"

"Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn," ni Ìyá wí. "Ṣí gáàsì."