Ìgbà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Pè Mí ní Ìyá Mojí Mọ́

Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ pàdé mi létí èbúté Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà, kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ rárá. Èéfín igi tútù, epo ara ẹja tó ń kán sínú iná, àti ẹrẹ̀ ọ̀sà tí oòrùn ti pa. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, inú òórùn yìí ni mo dàgbà sí, ó sì yẹ kó tù mí lára. Kò tù mí. Mo fò jáde kí àwọn atukọ̀ tó so okùn, omi rin ìró mi dé orúnkún, ọ̀kan nínú wọn sì kígbe pé, "Ẹ rọra o! Ta ló ń lé yín?" Ká ní mo mọ ohun tó ń lé mi ni, ọ̀rẹ́ mi, ǹ bá ti dúró kojú rẹ̀ ní Ìkòròdú.

Ìkòròdú ni mo lọ́kọ sí, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Mo ń ránṣọ, ọkọ mi sì jẹ́ káfíńtà, ọkùnrin gíga tí ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀; bí o bá kí i láàárọ̀, ó lè di ọ̀sán kó tó rántí dáhùn. A bí ọmọbìnrin kan, a sọ ọ́ ní Mojísọ́lá. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà ni orúkọ tèmi ti parẹ́ nínú agbo ilé. Ìyá Mojí, wá bá wa gán etí aṣọ yìí. Ìyá Mojí, ọmọ ń ké. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí, orúkọ ọmọ á mọ́ ìyá lára títí yóò fi gbàgbé pé òun ní òmíràn tẹ́lẹ̀. Mojí ti ń rákòrò, ó ti ń fa òwú nídìí maṣíìnì mi, nígbà tí ibà mú un. Ibà náà kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n mú mi wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn, nítorí ìyá kì í rí ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo mọ̀ pé ire ni wọ́n ń rò sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí, ṣé agbè ni mí? Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ wọn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, mo ti padà di Ìyàwó. Kò sẹ́ni tó pè mí ní Ìyá Mojí mọ́, àfi bí ẹni pé gbogbo ilé ti ṣèpàdé lé e lórí. Ọkọ mi pàápàá kò pè mí ní nǹkan kan mọ́. Bó bá ń wá mi, á wúkọ́.

Ibẹ̀ ni àìsàn mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá jókòó, àyà mi á máa lù kì-kì-kì. Bí mo bá dìde, n kò ní mọ ibi tí mo ń lọ. Ìrìn ṣáá ni. Láàárọ̀ kùtùkùtù, màá mú ìgbálẹ̀, màá gbá ẹ̀yìnkùlé títí ilẹ̀ á fi máa dán, màá dé òpin rẹ̀, màá sì padà wá gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀. Màá rán apá kan bùbá oníbàárà, màá gbàgbé ìkejì. Oúnjẹ di iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu mi. Nígbà míì, láìsí ẹni tó ṣẹ̀ mí, ẹkún á kàn dé. Lónìí wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn, àwọn ọmọ tó kàwé ti sọ ọ́ fún mi, wọ́n sì ní àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n jókòó gbọ́ tẹnu ẹni lọ. Nígbà tiwa, wọ́n á ní ọkàn Ìyàwó kò lélẹ̀, wọ́n á sì rọra fi ìka kan orí.

Wọn kò fi mí sílẹ̀ láìtọ́jú, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ìyá ọkọ mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ààfáà, mo mu hàǹtú, omi dúdú tí wọ́n fi fọ wàláà. Àbúrò rẹ̀ mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, mo gbààwẹ̀ níbẹ̀. Dìsípẹ́ńsárì fún mi ní oògùn olómi kan tó korò, tó ń mú mi sùn lọ́sàn-án, tí mo sì ń jí padà sínú ohun kan náà. Gbogbo wọn ló bi mí ohun tí mo jẹ àti àlá tí mo lá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dárúkọ Mojí.

Ọkọ mi ńkọ́? Ó ti ṣíwọ́ gbígba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Bí mo bá ti mú ìgbálẹ̀ báyìí, á gbé ayùn rẹ̀, á gba iwájú ilé jáde. Mo ní ó dáa, ọkùnrin yìí ti kọ̀ mí, ó ku kó sọ ọ́ jáde. Lọ́jọ́ kan, mo bi í bóyá ó fẹ́ kí n máa lọ. Ó wolẹ̀. Mo di ẹrù mi.

N kò lọ sílé bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n má baà dá mi padà lọ́jọ́ kejì, tàbí kí àdúgbò máa pè mí ní dálémoṣú. Ọ̀dọ̀ alárenà wa ni mo kọrí sí, obìnrin kan tó ń yan ẹja létí omi, tó mọ ìdílé méjèèjì, tó ń gbé ọ̀rọ̀ ọkọ mi wá fún mi, tó sì ń gbé tèmi padà nígbà tí a ń fẹ́ra. Bí ọkọ àtìyàwó bá mojú ara wọn tán, alárenà á yẹ̀. Òun náà ti yẹ̀ tipẹ́. Mo bá a nídìí ààrò, n kò tilẹ̀ kúnlẹ̀ dáadáa. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ mú mi lọ síbẹ̀. Ẹ wá mú mi kúrò."

Mo ti gbára dì fún àdúrà tàbí ìbáwí. Ohun tó bi mí ni pé, "Ọmọ yẹn, ta ló jọ? N kò fojú kàn án kó tó lọ."

Ẹnu mi là, n kò sì lè pa á dé mọ́. Obìnrin náà kò ní kí n jókòó. Bí mo ṣe ń rìn láti ìdí ààrò dé etí omi, tí mo ń rìn padà, ó ń yí ẹja rẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, lẹ́yìn náà ńkọ́?" Mo sọ ti imú rẹ̀ tó jọ ti bàbá mi. Mo sọ bó ṣe máa ń bínú sí ẹ̀kọ gbígbóná. Mo sọ ti ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ mi. Mo sunkún, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru èéfín. Ọjọ́ mélòó kan la fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò tíì dúró.

Nígbà tó yá, ó fi ààrò lé mi lọ́wọ́, ó wọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú. Ọ̀rọ̀ dídùn ló gbé bọ̀. Ọkọ mi ní òun kò rí oorun sùn. Ó ní èmi ni ojú tí òun fi ń ríran. Ó ní ilé ti di ahoro. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo tún un rò. Ọkùnrin tí kì í dáhùn ìkíni!

"Ìyá, ṣé bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

Ó yí ẹja kan. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó bi mí bóyá ò ń jẹun. Lẹ́yìn náà, ó kẹ̀yìn sí mi."

"Nígbà tí a ń fẹ́ra ńkọ́? Gbogbo ọ̀rọ̀ oyin yẹn?"

"Ọmọ mi," ó ní, ojú kò tì í rárá, "ta ló fẹ́ fẹ́ káfíńtà tí kì í sọ̀rọ̀?"

Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹja rẹ̀ sínú ọ̀sà. Àṣé ẹnu obìnrin yìí ni mo fẹ́, tí mo wá ń bá ẹlòmíì gbélé! Mo rìn lọ jìnnà lọ́jọ́ náà, mo ń sọ̀rọ̀ sókè bíi wèrè, mo sì ti pinnu pé n kò ní padà sí Ìkòròdú láéláé. Nígbà tí mo padà dé ìdí ààrò, ojú alárenà náà ti wálẹ̀. Ó ní, "Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yín tó. Eléyìí kò ṣeé gbé. Ẹ lọ sọ ọ́ fúnra yín."

Ọjọ́ ọjà Ejìnrìn ló fi àdéhùn èmi àti ọkọ mi sí. Ejìnrìn kì í ṣe ilé bàbá mi, kì í ṣe ilé ọkọ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti lọ. Kò ní sí ẹbí tí yóò jókòó tì wá láti máa ní kí a gbàgbé. Ọkọ̀ kún etí omi lọ́jọ́ náà, wọ́n ń já iṣu, wọ́n ń já ẹní àti apẹ̀rẹ̀ gàrí, gbogbo ibẹ̀ ń hó yèè. Ọkọ mi jókòó sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ti rù ju èmi lọ. Alárenà wa wò wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Mo ń lọ ra iyọ̀," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo ń rìn lọ níwájú rẹ̀, mo ń rìn bọ̀. Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo ní, "Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀ mí, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ó ní, "Ìyá Mojí."

Ẹsẹ̀ mi dúró.

"Ìyá Mojí, wọ́n ní kí n má wò. Mo wò." "Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí. Ibi tí o máa ń gbá yẹn. N kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ọ, wọ́n ní bí a bá ń dárúkọ rẹ̀, òmíràn kò ní wá. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá pè ọ́ ní Ìyá Mojí, ìwọ náà á kú."

N kò mọ ìgbà tí mo jókòó sórí iyanrìn. Ó sunkún, èmi náà sunkún, láàárín ọjà, lójú ọ̀sán gangan, títí obìnrin aládìẹ kan fi gbé àgò rẹ̀ wá síwájú wa kí àwọn èèyàn má baà máa wò wá. Ọkọ mi sọ fún mi bí wọ́n ṣe fi aṣọ funfun wé Mojí. Ó sọ fún mi pé ojú rẹ̀ kò yí padà. Gbogbo ohun tó sọ lọ́jọ́ náà kò kún ọwọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

N kò ní tàn ọ́ pé àìsàn náà tán níbẹ̀. Mo bá a padà sílé, àyà mi ṣì ń já lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá nígbà tí mo tún lóyún. Ìyá ọkọ mi bínú nígbà tó gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ó ní a ń wá wàhálà. Ọkọ mi kò bá a jiyàn, ó kúkú lè dákẹ́, ṣùgbọ́n kò pè mí ní orúkọ míì mọ́ títí ó fi kú. A bí àwọn mìíràn, ará àdúgbò sì ń fi orúkọ wọn pè mí. Ọgbẹ́ ọkàn tí wọ́n bò mọ́ra kò sàn, inú ló ń rà sí. Ó di ìgbà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn bíi tèmi bá mi sọ ọ́ kí n tó lè jókòó.

Nísinsìnyí, bí wọ́n bá mú obìnrin tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ wá sọ́dọ̀ mi, n kì í sọ pé kó gbàgbé. Mo máa ń bi í pé, kí lẹ sọ ọ́? Àwọn kan á kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tó ṣe èèwọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sọ orúkọ náà, wẹ́rẹ́. Kò tíì sí ọ̀kan nínú wọn tó ní láti rò ó.