Ìbòmú Tí Wọ́n Ń Tọ́jú De Àlejò

Ilé-kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀wé, ní Òkè Baálẹ̀ l'Óṣogbo. Lára ohun tí alùfáà wa fi kọ́ wa ni pé èèyàn kì í já wọ ilé onílé. Yóò kí "Salamu aleekun" lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì dúró kí wọ́n dá a lóhùn. Bóyá ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí fi tètè mọ́ mi lára.

Ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń kó kòkó lọ sí òkè òkun ló gbà mí. Wọn kì í rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ fúnra wọn. Àwọn onísítọ̀ọ̀ ní Iléṣà àti àwọn abúlé ìtòsí ló ń rà á, tí wọ́n ń ṣà á, tí wọ́n sì ń dì í sápò fún wa. Tèmi ni kí n máa lọ wò bóyá ara tu àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. A máa ń ránṣẹ́ síwájú ká tó lọ, èyí sì bá ẹ̀kọ́ ilé mi mu.

Sítọ̀ọ̀ kan wà ní Iléṣà tí mo fẹ́ràn jù. Àwọn obìnrin ló ń ṣa kòkó níbẹ̀. Wọ́n á jókòó yí òkìtì kòkó ká, wọ́n á máa yọ òkúta àti èyí tó ti bu kúrò. Eruku rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá dé, ìbòmú funfun báláú ni mo ń bá nímú wọn, àti bàtà tó ń dán lẹ́sẹ̀ wọn. Ìyá àgbà tó ṣáájú wọn, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ló sọ mí ní Alájà, bẹ́ẹ̀ n kò tíì dé Mẹ́kà.

"Alájà ti dé o! Ẹ wá àga fún un, ará Òṣogbo ò lè dúró pẹ́."

Lọ́jọ́ kan, mo ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, mo ti dé ibi tí a ti ń wọ mọ́tò, ni òjò dé. Àkókò ìrun Alásárì sì ti tó. N kò mọ mọ́ṣáláṣí kankan nítòsí, mo bá padà sí sítọ̀ọ̀ láti tọrọ ibi gbígbẹ. Mo kí "Salamu aleekun", òjò orí páànù kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Mo tún un kí. Nígbà tí mo rí i pé aṣọ mi ti ń rin, mo wọlé.

Kò sí ìbòmú nímú ẹnì kankan. Eruku gba inú ilé bí ọyẹ́. Ìyá àgbà ń ká àwọn ìbòmú sínú ọ̀rá, wọ́n ti fọ àwọn bàtà, wọ́n dojú wọn délẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí n kò rí rí wà nídìí òkìtì, ó fi etí ìró bo imú, ó ń wúkọ́ débi pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ṣé kò sí o?" ni Ìyá àgbà wí.

"Ìrun ni mo fẹ́ kí, Màmá."

Wọ́n tẹ́ àpò mímọ́ kan fún mi ní kọ̀rọ̀. Mo kírun, ikọ́ yẹn kò sì dákẹ́ lẹ́yìn mi. Bí mo ti sálámà tán, mo béèrè ìdí tí wọ́n fi bọ́ ìbòmú.

"Alájà, nílé yín l'Óṣogbo, abọ́ tánganran inú kọ́bọ́ọ̀dù, ta ló ń fi í jẹun?"

"Àlejò ni, Màmá."

"Ṣé ẹ ti rí i? Ẹ̀yin ni àlejò wa."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí àwa ọmọ kò fi abọ́ ìyá mi yẹn jẹun rí. Ó wá là á yé mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni ilé-iṣẹ́ wa ń kó ìbòmú wá fún gbogbo àsìkò kòkó. Ọ̀gá wọn sì ti kìlọ̀ pé bí a bá bá a ní ìdọ̀tí, a ó ní sítọ̀ọ̀ wọn kò dára, a kò ní ra kòkó wọn mọ́.

"Èyí tó ń wúkọ́ yìí ńkọ́?"

Ọ̀dọ́bìnrin náà ló dáhùn. "Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń lọ tí ẹ bá ń bọ̀. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn ní ọ́fíìsì yín. Wọ́n á ní kí n lọ sílé ni. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń bọ́ ọmọ mi."

Bí mo bá dákẹ́, àyà rẹ̀ á bàjẹ́. Bí mo bá kàn lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì bí a ṣe máa ń ṣe, wọ́n á yọ sítọ̀ọ̀ náà kúrò lára àwọn tí a ń rà lọ́wọ́ wọn, òun àti gbogbo wọn á pàdánù iṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ìrun dá mi padà, mo sì mọ ohun tí màá ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ́fíìsì wa l'Óṣogbo, ọ̀gá mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Wọ́n tàn ẹ́ jẹ. Ká yọ wọ́n."

"Ọ̀gá, àwa la kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a fún ní ìbòmú ẹyọ kan, tí a sì fẹ́ bá a ní mímọ́, kò ní tọ́jú ẹ̀? Tí a bá yọ wọ́n, ọwọ́ ẹlòmíì ni kòkó yẹn á gbà dé ọ̀dọ̀ wa, eruku náà ni wọ́n á sì máa fà símú."

"O ti di lọ́yà."

"Ọmọ ilé-kéwú ni mí, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́. Mo ní kí gbogbo ọkọ̀ tó bá ń lọ kó kòkó máa gbé ìbòmú tuntun dání. Kí a má ránṣẹ́ síwájú mọ́. Kí ilé-iṣẹ́ tọ́jú ẹni tí eruku bá ṣe, kí wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn fún un, kí ẹnikẹ́ni má lé e.

"Àsìkò kòkó yìí nìkan ni mo gbà. Bí kò bá dára, orí ẹ ló wà."

"Ó wà lórí mi, sà."

Nígbà tí mo tún lọ, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé mò ń bọ̀. Ìbòmú wà nímú gbogbo wọn, ó ti dọ̀tí, ó ti pọ́n bíi kòkó. Mo ní Alhamdulillahi. Ọ̀dọ́bìnrin náà wà níta lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu àpò. Dókítà ti fún un lóògùn. Ikọ́ náà kò tíì lọ tán, ṣùgbọ́n kò gbọn èjìká rẹ̀ mọ́.

Mo dúró níwájú rẹ̀, mo béèrè bí àyà rẹ̀ ṣe ń ṣe é sí.

"Ó ń sàn, Àǹtí," ni ó wí, kò gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yin lẹ dí atẹ́gùn mi."

Mo sún.