Bí Mo Ṣe Gbé Yìnyín láti Ọ̀tan Ayégbajú Wá sí Ìlá

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yin ohun tí ìyìn tọ́ sí. Ìlú kan ń fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yangàn, òmíràn ń fi ọkọ̀ bọ̀gìnnì. Àwa ọmọ Ìlá tí ojú wa ti là, ohun tí a fi ń mọ ilé ọlọ́lá lóde òní ni ìró yìnyín nínú ife. Kí àlejò wọlé, kí a gbé omi fún un, kí omi náà sì sọ̀rọ̀ lára gíláàsì: kín-ín, kín-ín. Ìró kékeré yẹn ju oyè lọ. Ó ń sọ fún àlejò pé ilé yìí ní fíríìjì, pé fíríìjì náà ní iná, pé ọmọ tó rà á kò gbàgbé ilé. Ẹni tó ní oko kòkó lọ́tùn-ún tó ní ti obì lósì, bí omi ilé rẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi lásán ló fún wa mu.

Ìyá mi ní fíríìjì. Èmi ni mo rà á fún un láti Ìbàdàn níbi tí mo ń gbé, mo sì sọ fún àwọn tó gbé e wá pé kí wọ́n gba ojú títì ńlá kọjá, kí ojú lè rí i. Ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà nítorí pé kò sí ilé tí kò ti kọ́ ọmọ wọn ní ìwé, fi í sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá mi tó ti dolóògbé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń pín iná ládùúgbò wa ti jó, fíríìjì náà ti di àpótí. Ìwé orin wà lókè, gèlè wà láàárín, gààrí wà nísàlẹ̀ níbi tí ẹ̀fọ́ ìbá wà. Ìyá mi kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tí kò sí ará àdúgbò wa mìíràn nínú rẹ̀, ilé kan ló ń gba ìpàdé lálejò lóṣooṣù. Nígbà tó kan Ìyá Bísí, olórí ẹgbẹ́, ó fún wọn ní omi tó ń ró kín-ín kín-ín. Wọ́n yìn ín títí. Ni ìyá mi bá dìde láàárín ìpàdé, ó ní oṣù tó ń bọ̀, nílé òun, wọn yóò rí i pé fíríìjì tí ọmọ òun rà kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ó sọ ọ́ tán kó tó rántí pé gèlè ló wà nínú rẹ̀.

Mo wá sílé lọ́jọ́rú kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí oòrùn ń mú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ìpàdé di ọjọ́ kejì, agogo méjìlá ọ̀sán. Ẹni tó ń ta yìnyín nítòsí wa ti gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ atúnṣe. Wọ́n ní ní Ọ̀tan Ayégbajú, obìnrin kan wà tí yìnyín rẹ̀ kì í tán. Ìyá mi kò bẹ̀ mí. Ó kàn wo fíríìjì, ó wo èmi, ó sì ní, "Ìwọ lo rà á."

Agogo márùn-ún ìdájí ni mo jáde. Kúlà mẹ́ta tí ìyá mi ní, oúnjẹ àlejò ló máa wọ inú wọn. Dípò kúlà, ó kó àpò kòkó méjì fún mi, ó ki ọ̀kan bọ inú èkejì, ó sì da ìyẹ̀fun pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la igi sáàárín wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní aṣọ méjì fún yìnyín, ṣé òtútù ń mú un ni?

Ó wò mí lójú bó ṣe ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. "Ṣé yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ohun tó bá tutù kì í wọ aṣọ?"

Mo gbé àpò mi, mo lọ.

Ní gáréèjì Ìlá, ọkọ̀ kì í gbéra àyàfi tó bá kún, kíkún sì ni kí ènìyàn mẹ́rin wà lẹ́yìn, kí méjì wà níwájú pẹ̀lú awakọ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Ìbàdàn, tí ẹ ń bínú bí ènìyàn bá fi ìgbọ̀nwọ́ kàn yín, ẹ ò lè wọ ọkọ̀ yìí. Owó rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀fà náírà. Awakọ̀ wa ń jẹ́ Wàhábì, ọmọ Ìrèsì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, tó ń fi èkejì kí gbogbo ẹni tó bá rí lójú ọ̀nà. Kó tó kún, mo ra àkàrà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, mo fi ẹ̀kọ méjì tì í. Àkàrà náà gbóná, ó sì ní àlùbọ́sà nínú. Ti Ìbàdàn ti gbàgbé àlùbọ́sà.

Ilẹ̀ mọ́ bá wa lójú ọ̀nà. Ọ̀dà náà dára níbì kan, ó sì ti jẹ tán níbòmíràn débi pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sínú koríko kó tó lè kọjá. Igi kòkó wà lápá kan, ebè iṣu tuntun wà lápá kejì, àwọn àgbẹ̀ sì ti wà nínú oko pẹ̀lú ọkọ́ kí oòrùn tó yọjú. Mo ti rí ọ̀nà tó dára ju èyí lọ. Mi ò tíì rí èyí tí wọ́n ti kí mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀tan Ayégbajú jí kí a tó dé. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ kánsù ń jókòó méjì-méjì sẹ́yìn ọ̀kadà, ṣẹ́ẹ̀tì wọn funfun, ìwé wà lábíyá. Kò sí ẹni tí mo bi léèrè ilé oníyìnyín tó kọ́kọ́ fèsì láìbéèrè bí mo ṣe jí.

Ìyá Káfáyà lorúkọ rẹ̀. Fíríìsà mẹ́fà ló tò sẹ́yìn ilé, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ẹni tí inú ń run. Ohun tí àwa ń pè ní yìnyín, bílọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn omi tí a dà sínú ọ̀rá tí ó dì gbagidi, tó gùn láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́ àgbàlagbà. Ọ̀kan jẹ́ ẹgbẹ̀ta náírà. Àwọn tó ń ta ohun mímu sóbò àti àwọn ẹlẹ́ja ti tò síwájú mi, mo sì dúró títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí lórí.

Nígbà tó kàn mí, mo ní kó fún mi ní mẹ́fà. Ó bi mí pé fún ọjà ni àbí fún òkú. Mo ní fún ilé ni.

"Ilé?" Ó dá ọwọ́ dúró. "Ẹni tó ń ra bílọ́ọ̀kù mẹ́fà fún ilé, àlejò kan wà tó fẹ́ fi dẹ́rù bà."

Mo ní a kì í dẹ́rù ba àlejò nílé wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá kan láti Ìlá, tó wọ gíláàsì ojú, wí lóṣù tó kọjá. Ó ní ìyá náà gbé agbada ìwẹ̀ ọmọ wá, ó fi aṣọ ìró bò ó mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì sọ fún òun pé òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ká ẹni tó ń wàásù ààwẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń jẹ iyán, ẹ̀yin nìkan lẹ lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó.

Wàhábì ló tún gbé mi padà. Mo san owó gbogbo ìjókòó kí a má baà dúró de ènìyàn, a kó yìnyín sínú àpò, a sì gbé e sí búùtù. Bí a bá sáré, a ó dé Ìlá kí agogo mẹ́wàá tó lù. A sáré lóòótọ́, títí a fi dé abúlé kan tí Wàhábì ti tẹ ìjánu lójijì. Ilé àna rẹ̀ ni. Mo ní ṣé kò lè fọn fèrè kó sì juwọ́. Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ pé kó wọ bàtà gun ẹní ìkírun.

"Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá rí mọ́tò mi tó kọjá, ìyàwó mi á ti gbọ́ kí n tó délé."

Bàbá arúgbó kan jókòó lábẹ́ igi ọsàn. Wàhábì ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kí ni kí èmi ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀ tì í. Ìkíni àwa Ìgbómìnà, ẹni bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Bàbá béèrè ilé, ó béèrè ọ̀nà, ó béèrè ara ọmọ àti ara ìyá ọmọ. Ó wá kàn mí. Ọmọ ta ni mí ní Ìlá? Mo dárúkọ bàbá mi. Kò tó. Mo dárúkọ bàbá bàbá mi, ojú rẹ̀ sì là. Wọ́n jọ máa ń ru obì lọ sọ́jà nígbà èwe wọn, ó sì ní ìtàn kan láti sọ nípa ọjọ́ tí òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà.

Ìtàn náà dùn, òjò inú rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n òjò tó wà létí mi ni èyí tó ń kán lábẹ́ búùtù: tó, tó, tó. Adìẹ mẹ́ta ti dé abẹ́ rẹ̀, wọ́n ń mu owó mi, wọ́n sì ń gbé orí sókè dúpẹ́. Mo ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì méjì. Kò sí èyí tó kọ́ mi bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló bojú wo ọkọ̀. Ó ní kí ló ń kán. Wàhábì ní yìnyín ni, ti àlejò ìyá mi.

Bàbá yíjú sí mi. "Ìwọ sì jókòó, o ń gbọ́ ìtàn?"

"Ẹnu yín ni mò ń wò, Bàbá."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ọmọ ọ̀rẹ́ òun ni mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú àgbà bá ti rí, ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Mo fọ́ bílọ́ọ̀kù kan sínú abọ́ omi ńlá. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ yà, wọ́n mu, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì súre fún ìyá mi tí wọn kò rí rí. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: orí mi wú. Lẹ́yìn náà ni Bàbá ní kí wọ́n gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé èyí tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Sọ fún ìyá rẹ pé a ti mu omi rẹ̀, ó tutù."

Agogo méjìlá ku díẹ̀ nígbà tí mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àwọn ìyá ti dé ṣáájú àkókò, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ wò. Ìyá mi tú àpò sílẹ̀ nílé ìdáná. Mẹ́ta ti di omi. Ọ̀kan rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ọ̀kan ṣoṣo ló le. Ìyá mi mú èyí tó le náà. Ó fi ọmọ ọlọ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú abọ́ gíláàsì, ó nu ọwọ́, ó gbé abọ́ náà bọ́ sí pálọ̀ lábẹ́ ìborùn rẹ̀, ó sì tì í sínú fíríìjì tí a ti kó gèlè àti gààrí kúrò nínú rẹ̀, nígbà tí àwọn àlejò di ojú wọn fún àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ní tirẹ̀, kò dijú.

Àdúrà náà gùn. Èmi ń wò láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, mo ń ka ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, ìyá mi dìde, ó ṣí fíríìjì jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣí ibi mímọ́, ó sì gbé abọ́ náà jáde. Ẹyọ kan fún ife kan. Kín-ín. Kín-ín. Ìyá mi nà tàntàn bí ọ̀dọ́mọbìnrin.

Ìgbà yẹn ni mo rí i. Wáyà fíríìjì náà wà nílẹ̀ gbalaja, orí rẹ̀ kọjú sókè, ibi tí à ń ki í bọ̀ lára ògiri sì ṣófo. A ti rántí gbogbo nǹkan, a gbàgbé ìyẹn. Ẹsẹ̀ Ìyá Bísí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wo wáyà. Ó wo ìyá mi. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú. Mo ti ní ohun tí mo máa fi dá a lóhùn lẹ́nu, pẹ̀lú agbada ìwẹ̀ ọmọ àti aṣọ ìró tó bò ó.

Ìyá Bísí gbé báàgì rẹ̀ láti orí itan, ó sì gbé e lé orí wáyà náà.

"Tíṣà," ó ní, "omi yín tutù ju tèmi lọ."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Ìyá Bísí," ni ìyá mi dáhùn. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa."

Mo dá ọ̀rọ̀ agbada padà sínú ikùn mi. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ìyá mi títí di òní. Mo ti rí ìlú tí iná kì í kú, tí yìnyín wà ní gbogbo ìkóríta. Mi ò mọ ẹni tó máa gbé báàgì lé wáyà mi níbẹ̀.

Wàhábì ṣì wà níta, ó ń dúró de omi tirẹ̀. Mo bu ti òun, mo bu tèmi, mo sì fi èérún méjì tó kẹ́yìn sínú wọn. Àwọn aládùúgbò mélòó kan ń kọjá lọ lójú títì, wọn kò wo apá ọ̀dọ̀ wa. Mo mi ife mi lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n lè gbọ́. Èmi náà fi yìnyín yangàn.