Àmín Tí Wọ́n Kà Bí Ìbò

Ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn Iléyá, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ dáadáa, ni wọ́n jí ìbò kan gbé ní àdúgbò wa ní Dutsen Kura, lójú gbogbo wa, lórí fóònù. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ rò pé inú àpótí nìkan ni wọ́n ti ń jí ìbò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ ní Minna yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti rí ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n fi àpò ìrẹsì tú ká. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń rẹ́rìn-ín sí mi jù, báàgì mi ni mo kọ́kọ́ máa ń dì mú.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlọta ló dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá Sikiru, àgbàlagbà ọmọ Ìlọrin kan, ló ń lọ ata àti ẹ̀wà fún wa ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti tọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń pariwo, ó sì ń rú èéfín, n kò ní parọ́. Lórí wáásáàpù àdúgbò, ìjà náà gbóná. Àwọn kan ní kó máa lọ, àwọn kan ní níbo ni àwọn yóò ti máa lọ ata. Ìyàwó òṣìṣẹ́ báńkì kan kọ ọ́ pé èéfín ń ba aṣọ tí òun sá jẹ́. Bàbá Sikiru fúnra rẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, mo máa gbé páìpù èéfín náà ga. Wallahi, ẹ má lé mi." Alága àdúgbò wa nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ọkùnrin tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó wọ ọgbà onílé! Ara fu mí.

Ẹ mọ àṣà wa. Láàárọ̀ Jímọ̀, Alága á fi àdúrà gígùn ránṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, á tún fi òmíràn ránṣẹ́. Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́, kálukú á sáré tẹ "Àmín." Ta ló ń kà á? Ẹni tí kò bá dáhùn, wọ́n á ní kò fẹ́ ire fún àdúgbò. Ní Jímọ̀ kan, àdúrà náà gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tọrọ òjò ìbùkún, ó tọrọ ọmọ fún àgàn, ó tọrọ iná mànàmáná. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ tún fóònù tẹ̀ kó tó rí ìyókù, ó wà níbẹ̀: kí Ọlọ́run mú ẹ̀rọ ìlọta kúrò ní ẹnu ọ̀nà wa kí oṣù yìí tó parí, kí gbogbo wa sì fi ohùn kan gbà bẹ́ẹ̀. Èmi kò ṣe Àmín. Àmọ́ kí n tó kà á tán, Àmín ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ti Bàbá Sikiru sì wà nínú wọn.

Mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. "Bàbá, kí lẹ ṣe Àmín sí?"

"Àdúrà ni, Màmá Tíṣà. Àbí èèyàn ń kọ àdúrà?"

Mo ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí i létí. Ó pa ẹ̀rọ, ó jókòó. "Kai," ló wí.

Nígbà tí a pàdé ní ọgbà Alága lọ́jọ́ Àìkú, ó kéde pé àdúgbò ti dìbò pé kí ẹ̀rọ ìlọta kúrò. Mo dìde. "Alága, ìgbà wo la dìbò?"

"Ọjọ́ Jímọ̀. Gbogbo yín lẹ gbà. Ẹni tó ni ẹ̀rọ gan-an gbà."

"Àdúrà ni wọ́n ṣe Àmín sí!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa. Ta ló fẹ́ gba Àmín rẹ̀ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run? Kó nawọ́ sókè."

Ẹnikẹ́ni kò nawọ́. Inú bí mi. "Haba! Ẹ̀yin tí ẹnu yín mú lórí fóònù dà?" Bàbá Sikiru ló fà mí láṣọ pé kí n jókòó.

Ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Maikunkele, lẹ́yìn odi Minna. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ tuntun fi dé sí ẹ̀gbẹ́ ibi tó fi sílẹ̀. Àna Alága ló ni ín. Ẹ̀rọ yìí náà ń rú èéfín, ìyàwó òṣìṣẹ́ báńkì kò sì sọ̀rọ̀ aṣọ mọ́. Mi ò ní ẹ̀rí, àmọ́ ẹ má sọ fún mi pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Kí la rí gbà nínú rẹ̀? Mo bá wọn jà títí wọ́n fi gbà pé ojúkojú la ó máa dìbò, ká na ọwọ́, kí àdúrà sì wà lọ́tọ̀. Ohun rere nìyẹn, àmọ́ kò dá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni padà. Ní Maikunkele, àwọn èèyàn ti ní ẹni tó ń lọ ata fún wọn. Lọ́jọ́ mìíràn, Bàbá Sikiru kì í tan ẹ̀rọ rárá.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ láìpẹ́ yìí. Mo ní, "Bàbá, ẹ máa bọ̀ nílé. A ó jọ gbé ọ̀rọ̀ náà dìde."

Ó fún mi ní omi, ó dúró kí n mu ún tán.

"Ẹ̀yin tẹ́ ò ṣe Àmín lẹ wá ń bẹ̀ mí, Màmá Tíṣà. Àwọn tó ṣe é ńkọ́?"