Ìgò Omi Tí Mo Gbé Lọ sí Kútọnu

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí Ìyá Àgbà, ìyá Baálẹ̀ wa, gbé ìgò omi náà lé mi lọ́wọ́. Ó ti fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun.

"Aránṣọ, mo ti sè é, mo sì ti fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Inú àmù àlejò, tí ará ilé kì í bù mu, ni mo tọ́jú rẹ̀ sí. Òyìnbó kò ní rí wa fín."

Inú mi dùn. Láti òjò èṣí ni wolé-wolé ìjọba ti fi ọ̀dà pupa kun ẹnu kànga ìlú wa, nítorí inú rírun tó mú àwọn ọmọ. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu omi rẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò ní Kútọnu. Ó lọ, kò padà, àwa náà jókòó tẹtẹrẹ. A padà sí odò inú àbàtà, níbi tí sòbìyà wà. Wọ́n ní omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi odò yẹn ti mú mi lọ́tàá: sòbìyà ti yọ orí lẹ́sẹ̀ Àṣàkẹ́ ìyàwó mi, kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Mo búra pé bí gbogbo ìlú bá ń wo ara wọn lójú, èmi ni yóò gbé omi kànga náà lọ, kí wọ́n lè dá a sílẹ̀ fún wa.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé Sákétẹ́, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Àjàṣẹ́. Àwọn èrò to ẹrù wọn lé ara wọn lórí. Èmi gbé ìgò mi lé itan. Ní Àjàṣẹ́ mo jẹ àkàsà, ẹ̀kọ tiwa náà ni, ṣùgbọ́n tiwọn kan díẹ̀. Wọ́n fi ẹja díndín àti ata lílọ̀ sí i, sú méjì péré, ìyẹn owó wẹ́wẹ́ àwọn Faransé. Ó dùn, n kò ní purọ́.

Ọkọ̀ ojú omi ni mo wọ̀ gba orí ọ̀sà. Atukọ̀ wa kò gbé ojú kúrò lára ẹrù mi.

"Bàbá, ọtí wo lẹ wé bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Omi ni."

Ó dá ọ̀pá tó fi ń tukọ̀ dúró. "Omi? Ẹ gbé omi gba orí omi kọjá?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, ẹsẹ̀ tiwọn kọ́ ni sòbìyà ń jẹ.

Iyanrìn ni Kútọnu, funfun, ó sì ń jóni lẹ́sẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọ́n ń ta omi níbẹ̀. Omi kànga wọn níyọ̀ nítorí òkun àti ọ̀sà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ omi tó dùn yóò rà á ní korobá. Nílé wa, ẹni tó bá ta omi mímu fún aládùúgbò rẹ̀, orin ni wọn yóò fi bú u. Mo sùn lọ́dọ̀ ará ìlú wa kan ní Akpakpa, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, mo lọ sí labọ́, bí wọ́n ṣe ń pe ilé tí wọ́n ti ń yẹ omi wò.

Ọmọ Àgùdà kan ló dá mi lóhùn, ọ̀kan nínú àwọn tí baba ńlá wọn ti Bùràsílì dé. Ó gbọ́ Nàgó, èdè wa, dáadáa.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ṣé bí omi yìí ṣe jáde nínú kànga ló ṣe wà?"

Mo gbé àyà sókè. "Rárá o! Ìyá Baálẹ̀ wa ti sè é, ó ti sẹ́ ẹ. A kì í gbé omi eléèrí fún àlejò."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra dá ìgò náà padà fún mi. "Bí mo bá yẹ èyí wò, màá ní ó dára. Wọn yóò dá kànga sílẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì mu ohun tí n kò rí. Ìwà ọmọlúàbí ìyá yín lẹ gbé wá, bàbá, ẹ kò gbé omi kànga yín wá."

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi, ẹ kúkú sọ pé ó dára. Sòbìyà ń jẹ ẹsẹ̀ ìyàwó mi nítorí odò tí a padà sí."

Ó bi mí pé, "Omi odò yẹn, ṣé ẹ máa ń sẹ́ ẹ fún àwọn ará ilé yín bí ẹ ṣe sẹ́ tèmi?"

"Rárá. Wọn kì í ṣe àlejò."

Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Ojú tì mí, n kò sì mọ ibi tí mo lè gbé e sí.

Ó ṣàlàyé fún mi pé aṣọ tí ìhun rẹ̀ dí kì í jẹ́ kí ohun tó ń di sòbìyà kọjá. Lẹ́yìn náà ó fún mi ní ìgò òfìfo tó mọ́, tó ní ìdérí. Ó ní kí n má fọ̀ ọ́, kí n má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, kí n fi okùn sọ ọ́ sínú kànga, kí n dé e bó bá ti kún, kí n sì máa bọ̀ kíákíá. Mo ní kó tún gbogbo rẹ̀ sọ, mo sì ń wí i tẹ̀lé e bí ọmọ ilé ìwé.

Inú ń bí mi títí mo fi délé, èmi fúnra mi ni inú sì ń bí mi sí. Nígbà tí mo ròyìn fún Ìyá Àgbà, ó bi mí pé:

"Kí n wá gbé omi eléèrí fún ẹni ẹlẹ́ni?"

"Ìyá, wọn kò ní mu ún. Ohun tó ń ṣe àwọn ọmọ wa ni wọ́n fẹ́ wá nínú rẹ̀."

Ó fi ojú wọn ìgò òfìfo náà. "Ó dáa. Lọ́la kí o tó lọ, èmi fúnra mi ni màá bù ú, bó ti wù kó dọ̀tí."

Mo wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo gé gbogbo aṣọ funfun tó kù sí wẹ́wẹ́, kí ilé kọ̀ọ̀kan lè ní aṣọ tí yóò máa fi sẹ́ omi. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí Ìyá Àgbà tó ń bọ̀ láti ìdí àmù àlejò, igbá omi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjá lára mi, ó lọ bá Àṣàkẹ́ níbi tó na ẹsẹ̀ sí lórí ẹní, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi igbá náà kàn án lẹ́nu.

"Mu," ó ní, "àlejò mi."