Kìlómítà Tó Kù Kí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Dé

Kìlómítà ni wọ́n ń pè mí nílé wa ní Abobo, nílùú Abidjan. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí a ṣe ń ka bí ọ̀nà ṣe jìn tó; máàpù àti fóònù ni mo fi kọ́ ara mi. Láti Guangzhou ní Ṣáínà, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ ra ọjà, dé Addis Ababa, ó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kìlómítà. Láti Addis dé Abidjan, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin, wákàtí mẹ́fà lójú òfurufú. Ṣùgbọ́n bàálù ń tẹ̀ lé oòrùn ni: bó bá gbéra níbẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀, aago méjìlá ọ̀sán tiwa ló máa balẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi gan-an.

Àìsàn Màmá ló ń gbé ẹ̀gbọ́n mi bọ̀ wálé. Nígbà tó wọ bàálù ní Guangzhou, Màmá ṣì ń bi mí pé, "Ibo ló dé báyìí?" Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà, Màmá ti lọ.

Kò pẹ́ ni fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ti dé Addis. Baba tó jẹ́ àgbà àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní àdúgbò di ọwọ́ mi mú.

"A kì í túfọ̀ ìyá fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Jẹ́ kó délé ná."

Mo gbé e.

"Kìlómítà! Mélòó ló kù?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin, Bùrọ̀dá."

"Má yọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀ o! Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n ń sinmi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà ni wọ́n fẹ́ sin Màmá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró de Àlásárì.

"Ṣé bàálù ni yóò máa pàṣẹ fún òkú?" ni Baba wí, ṣùgbọ́n ó gbà.

Mo jókòó ti fóònù, mò ń wo àmì bàálù kékeré lórí máàpù bó ṣe ń kọjá lórí Nàìjíríà, níbi tí Màmá ní ká mú òun lọ wo ilé bàbá òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó balẹ̀ lásìkò. Ẹ̀gbọ́n mi pè.

"Mo ti dé o! Mo fẹ́ kọ́kọ́ yà sílé mi ní Biétry, kí n wẹ̀, kí n sùn díẹ̀. Tó bá di alẹ́, mo máa wá kí Màmá."

Biétry kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú, Abobo ló wà ní òdì kejì ìlú. Bó bá yà, kò ní bá ìsìnkú mọ́. Baba ń mi orí sí mi pé kí n má sọ.

"Bùrọ̀dá, ẹ má yà."

"Kí ló dé?"

"Àlásárì la máa kírun sí Màmá lára."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí. Obìnrin kan tó ń fi Faransé kéde ẹrù ni mò ń gbọ́.

Orí ìlà ìrun ló bá wa, àmì bàálù ṣì so mọ́ báàgì tó gbé kọ́rùn. Òun ló kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè. Baba kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Bí a ṣe ń padà, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Nígbà tí mo pè láti Addis, ṣé wọ́n ti lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo wo fíìmù nínú bàálù. Ẹ̀rín ni mò ń rín títí a fi balẹ̀."

Ó ti rìnrìn àjò lọ sí Guangzhou lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹlòmíràn ló bi léèrè iye kìlómítà, kì í ṣe èmi.